Orí Bébà Ni Àwòrán Abàmì Ti Dàgbà

Ní nǹkan bí ọdún 1424 sí 1425, wọ́n ya òkú pẹ̀lú alààyè sára ògiri ìtẹ́ òkú Saints-Innocents ní Paris. Egungun di Póòpù lọ́wọ́ mú, ó ń fà á wọ agbo ijó. Wọ́n fa ọba, wọ́n fa àgbẹ̀, wọn ò dá ọmọ jòjòló sí. Àjàkálẹ̀ àrùn tó bẹ́ sílẹ̀ ní Yúróòpù ní 1347 ti kọ́ gbogbo ilé ní ẹ̀kọ́ yìí tẹ́lẹ̀. Wọ́n wó ògiri náà ní 1669. Ohun tó jẹ́ ká ṣì mọ bó ṣe rí ni ìwé tí atẹ̀wé kan, Guyot Marchant, tẹ̀ jáde ní 1485, tòun ti àwòrán tí wọ́n gbẹ́ sára pákó. Ògiri wó, bébà kù.

Lójú tèmi, bébà gan-an ni ilé àwòrán abàmì. Lóòótọ́, Bosch, ayàwòrán ilẹ̀ Netherlands, ti fi ọ̀dà ya ẹ̀dá olórí ẹyẹ tó ń gbé ènìyàn mì ṣáájú Holbein, ayàwòrán ará Jámánì, ṣùgbọ́n ọlọ́lá ló ń ra irú pátákó bẹ́ẹ̀. Àwòrán ijó òkú tí Holbein yà, tó jáde ní Lyon ní 1538, kò tó àtẹ́lẹwọ́. Wàá gbé e súnmọ́ ojú, wàá sì dá nìkan wò ó.

Títí dìgbà yẹn, òde ni ikú ti ń wọlé wá. Goya, ayàwòrán ará Sípéènì, ló gbé abàmì wọ inú orí ènìyàn. Ní oṣù Kejì ọdún 1799 ó polówó àwòrán 80 tó fi ásíìdì fín sára awo bàbà: àwọn àjẹ́, àwọn àdán, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń yẹ aláìsàn wò bíi dókítà. Ṣọ́ọ̀bù lọ́fínńdà àti ọtí ni wọ́n ti ń tà á ní Madrid (ibo ló tún yẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ?). Nínú ìkẹtàlélógójì, ọkùnrin kan sùn lórí tábìlì, òwìwí àti àdán rọ́ bò ó. Kò pẹ́ tí Goya fi kó ọjà rẹ̀ kúrò lórí àtẹ. Ní 1803, ó kó àwọn awo bàbà náà fún ọba.

Redon, ayàwòrán ará Faransé, sọ ẹyinjú ènìyàn di bàlúùnù tó ń fò lọ sójú ọ̀run ní 1882. Ní 1924, akéwì ará Faransé kan, Breton, kọ ìwé ìkéde ẹgbẹ́ Surrealist, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán tó ń wá iṣẹ́ wọn látinú àlá, ní Paris, ó sì fi àlá ṣe ọba.

Nínú ẹgbẹ́ yẹn, Max Ernst ló yà mí lẹ́nu jù. Nínú iṣẹ́ tí mò ń wí yìí, kò kúkú ya nǹkan kan. Ó kó àwòrán inú ìwé ìtàn àtijọ́ olówó pọ́ọ́kú jọ, ó gé wọn, ó lẹ orí ẹyẹ mọ́ ọrùn ọ̀gbẹ́ni tó múra dáadáa, ó lẹ ìyẹ́ mọ́ ẹ̀yìn obìnrin nínú yàrá. 182 irú rẹ̀ jáde ní 1934, nínú ìwé pẹlẹbẹ márùn-ún. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ojú àlẹ̀mọ́ pòórá. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan náà ló gba ara ẹyẹ, kóòtù àti àga kọjá, nítorí náà ojú á ti gbà á gbọ́ kí làákàyè tó kọ̀ ọ́.

Ìlà yẹn ni Edward Gorey, òǹkọ̀wé tó tún jẹ́ ayàwòrán, fi gègé fà ní Amẹ́ríkà. Ní 1963 ó ya ọmọ 26, látorí A dé Z, ó sì pa gbogbo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ikú tirẹ̀. Èyí tó kan lẹ́tà N kò jábọ́, béárì ò pa á jẹ. Nǹkan kàn sú u ni, ó sì kú.