Bí láìmù àti sìmẹ́ǹtì ṣe ń mú kí amọ̀ rírọ̀ lè gbé títì

Ìsàlẹ̀ òkun ni púpọ̀ nínú amọ̀ tó wà lábẹ́ àwọn àfonífojì Norway àti Sweden wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí yìnyín ńlá tó bo ilẹ̀ náà yọ́ tán, ilẹ̀ gbéra sókè, amọ̀ náà sì bọ́ sí gbangba. Omi òjò wá ń fọ iyọ̀ inú rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ yẹn wà lára ohun tó ń dì í mú. Bí nǹkan bá dà á láàmú, ó lè tú lójijì kó máa ṣàn bí ògì. Ní Rissa, ní Norway, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin 1978, erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ nítorí ilé ẹran tí wọ́n fẹ́ mú gbòòrò ni wọ́n kó sí etí adágún. Ẹrù yẹn ló ṣí ilẹ̀ nídìí, tí oko àti ilé fi wọ́ lọ sínú omi.

Irú ilẹ̀ báyìí ni wọ́n ń ri òpó láìmù àti sìmẹ́ǹtì sí, ìyẹn amọ̀ ibẹ̀ fúnra rẹ̀ tí wọ́n pò mọ́ láìmù àti sìmẹ́ǹtì kó lè le bí òpó. Láìmù ni ìyẹ̀fun funfun tí à ń rí bí a bá fi iná sun òkúta ẹfun, irú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Láìmù nìkan ni Kjeld Paus fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Sweden ní 1967. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n fi sìmẹ́ǹtì kún un.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe òpó náà ní ọ̀pá gígùn tí abẹ wà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀pá á kọ́kọ́ yí wọlẹ̀ dé ibi tí òpó máa parí sí, èyí tó lè jìn tó mítà 25. Bó bá ń padà bọ̀ lókè ni afẹ́fẹ́ alágbára máa ń fẹ́ ìyẹ̀fun gbígbẹ jáde, tí abẹ ń pò ó mọ́ amọ̀. Bí abẹ bá yí lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pá kì í gòkè ju nǹkan bíi mìlímítà 20 lọ. Bó bá yá jù bẹ́ẹ̀, ìyẹ̀fun á ṣù síbì kan, amọ̀ á sì wà bó ṣe wà níbòmíràn. Òpó kọ̀ọ̀kan sábà máa ń fẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 60 tàbí 80. Wọn kì í bu omi sí i rárá. Omi inú amọ̀ ti tó.

Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Kìlógíráàmù kan láìmù tí kò tíì kan omi máa ń fa omi bíi gíráàmù 320 mọ́ra, á sì gbóná débi pé omi mìíràn á tún gbẹ. (Ìdí nìyẹn tí òṣìṣẹ́ fi gbọ́dọ̀ dáàbò bo ojú àti awọ ara rẹ̀.) Kálísíọ̀mù inú láìmù á gba ipò sódíọ̀mù lára hóró amọ̀, àwọn hóró tó ti ń yọ̀ lórí ara wọn á wá ṣù pọ̀. Sìmẹ́ǹtì á dì láàárín ọjọ́ sí ọ̀sẹ̀. Láìmù kì í yára ní tirẹ̀: àwọn èròjà inú amọ̀ fúnra rẹ̀ tí à ń pè ní sílíkà àti álúmínà ló ń bá ṣiṣẹ́, fún oṣù, àní fún ọdún, títí òpó á fi máa le sí i.

Bí ẹ̀rù bá wà pé ilẹ̀ lè yọ̀, wọn kì í fọ́n òpó káàkiri. Wọ́n máa ń tò wọ́n kí ẹ̀gbẹ́ wọn wọnú ara wọn, kí wọ́n di ògiri lábẹ́ títì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ti irin abìyẹ́ méjì gba inú òpó kọjá, kí wọ́n mọ bó ṣe le tó láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Amọ̀ dúdú tó wà lẹ́bàá ọ̀sà ní Èkó yàtọ̀. Ewé àti igi jíjẹrà inú rẹ̀ ń dènà iṣẹ́ láìmù, nítorí náà yàrá àyẹ̀wò ló yẹ kó kọ́kọ́ dé: kí wọ́n po oríṣiríṣi ìwọ̀n, kí wọ́n sì fọ́ ọ wò lẹ́yìn ọjọ́ 28. Sìmẹ́ǹtì ló sábà máa ń ṣe dáadáa ju láìmù lọ nínú irú amọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ohun jíjẹrà bá wá pọ̀ jù, tí kò sì jìn, wọ́n lè wa ilẹ̀ náà kúrò, kí wọ́n fi yanrìn dí i.