Ṣé tábúlẹ́ẹ̀tì lè gba ipò láptọ́ọ̀pù lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé iṣẹ́ rìn?

Láti ọdún 2010 tí Apple ti gbé iPad àkọ́kọ́ jáde ni àwọn èèyàn ti ń béèrè ọ̀rọ̀ yìí, ìdáhùn wọn kò sì tíì ṣọ̀kan. Ẹnìkan á ra tábúlẹ́ẹ̀tì, á so kíbọ́ọ̀dù mọ́ ọn, láptọ́ọ̀pù rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba eruku nílé. Ẹlòmíràn á ra oríṣi kan náà, kò ní í pẹ́ tí á fi máa wá ẹni tí òun máa tà á fún. Ẹ̀rọ wọn kò yàtọ̀, owó tí wọ́n san kò yàtọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló yàtọ̀. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó fẹ́ ra.

Ìbéèrè: Àwọn méjèèjì ló ní ojú, kíbọ́ọ̀dù àti íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ló wá yà wọ́n sọ́tọ̀? Ṣé agbára ni?

Ìdáhùn: Rárá, agbára kọ́. Lọ́dún 2021, Apple mú M1, ọpọlọ kan náà tó wà nínú láptọ́ọ̀pù MacBook Air wọn, ó fi sínú iPad Pro. Síbẹ̀, sọ́fítíwià tí wọ́n ṣe fún Mac kò ṣí lórí iPad yẹn. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ètò tó ń darí ẹ̀rọ. Windows ló wà nínú láptọ́ọ̀pù tí ọ̀pọ̀ wa ń lò. Android tàbí iPadOS ló wà nínú ọ̀pọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì. Sọ́fítíwià tí ẹ ti ń fi flash gbé láti orí láptọ́ọ̀pù kan sí èkejì kò lè wọ inú tábúlẹ́ẹ̀tì. Àfi kí àwọn tó ṣe é tún un ṣe gẹ́gẹ́ bí áàpù.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni ọ̀rọ̀ fáìlì. Lórí láptọ́ọ̀pù, fódà kan lẹ kó gbogbo nǹkan sí, sọ́fítíwià tó bá wù ú á sì wọlé mú u. Lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, áàpù kọ̀ọ̀kan ló máa ń fẹ́ di tirẹ̀ mú. Èyí ti ń dẹ̀rọ̀ o. Ọdún 2017 ni iPad ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ibi tí èèyàn ti lè rí fáìlì rẹ̀ lójú kan, ọdún 2019 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ka flash, ọdún 2020 ló gba máòsì, ọdún 2022 ni àwọn kan lára iPad bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí èèyàn ṣí ojú iṣẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kó sì máa fà wọ́n gùn tàbí kó sún wọn kì, ó sì di ọdún 2025 kí èyí tó dé orí àwọn iPad lásán. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé òun gbìyànjú rẹ̀ lọ́dún 2016 tí kò ṣeé ṣe kò purọ́, àmọ́ ẹ̀rọ tó lò nígbà náà kọ́ ni wọ́n ń tà báyìí.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá iṣẹ́ tèmi á ṣeé ṣe lórí rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ mú bébà. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ohun tí ẹ bá ṣí lórí láptọ́ọ̀pù yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kódà bó jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún péré lẹ fi lò ó. Ẹ má fi orí ro ó, torí ohun tí a rò pé à ń ṣe àti ohun tí à ń ṣe kì í sábà bára mu. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí tó ń ṣí lórí Chrome kò ní wàhálà, èyí tó ní áàpù tirẹ̀ kò ní wàhálà púpọ̀, èyí tó jẹ́ pé orí Windows nìkan ló wà ni kí ẹ fa ìlà sí nídìí.

Bí ìlà kan ṣoṣo bá wà níbẹ̀, tó sì jẹ́ pé ibẹ̀ ni oúnjẹ yín ti ń wá, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹni tó ń fi SPSS ṣe ìṣirò iṣẹ́ ìwádìí kò ní rí i lórí tábúlẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń fi Sage 50 tọ́jú ìwé owó ilé iṣẹ́ kò ní rí i. Ẹni tó ń ṣe káàdì ìgbéyàwó àti kàlẹ́ńdà ní Ṣómólú, tó jẹ́ pé CorelDRAW tó wà lórí kọ̀ǹpútà ni gbogbo oníṣẹ́ ìtẹ̀wé tó ń bá a da òwò pọ̀ ń lò, kò gbọ́dọ̀ dán an wò.

Èyí tó máa ń mú àwọn èèyàn láìròtẹ́lẹ̀ ni Excel, torí wọ́n á ní, “Ṣebí Excel wà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì.” Ó wà lóòótọ́. Ẹ jẹ́ ká mú akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan tí ẹnìkan bá ṣe ìwé Excel tó ní bọ́tìnì: ó tẹ bọ́tìnì yẹn, owó èlé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yọ. Tó bá ṣí ìwé yìí lórí iPad tàbí Android, á rí orúkọ, á rí iye owó, ó lè rí bọ́tìnì náà pẹ̀lú. Á tẹ̀ ẹ́, kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Macro, ìyẹn àwọn àṣẹ tí wọ́n kọ sínú ìwé Excel kó lè máa dá ṣiṣẹ́, ni wọ́n fi kọ iṣẹ́ bọ́tìnì yẹn, Excel orí tábúlẹ́ẹ̀tì kì í sì í ṣe macro. Irú nǹkan báyìí kì í hàn nínú ìpolówó ọjà.

Tó bá jẹ́ pé ìwé lẹ̀ ń kọ, tí ẹ̀ ń ka PDF, tí ẹ̀ ń dáhùn lẹ́tà, tí ẹ̀ ń ṣe ìpàdé Zoom, tí ẹ̀ ń wo ìwé akẹ́kọ̀ọ́, ọkàn yín lè balẹ̀. Olùkọ́, akọ̀ròyìn, oníwàásù, agbẹjọ́rò tó ń ka ìwé ẹjọ́: púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọn níta ló máa ṣeé ṣe. Mo tiẹ̀ rò pé PDF dùn ún kà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì ju orí láptọ́ọ̀pù lọ, torí ẹ lè gbé e dání bí ìwé kí ẹ sì fi bírò rẹ̀ fa ìlà sí i.

Ìbéèrè: Iná kò dúró ládùúgbò wa. Èwo nínú wọn ló máa bá mi fara dà á?

Ìdáhùn: Tábúlẹ́ẹ̀tì ni, kò sì sún mọ́ra rárá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Power bank tí wọ́n kọ 20,000 mAh sí lára, fólítì 3.7 ni wọ́n sábà máa ń fi ka iye yẹn, nítorí náà agbára tó wà níbẹ̀ jẹ́ 74 watt-hour, ìyẹn ìwọ̀n iná tí bátìrì lè kó pamọ́. Díẹ̀ máa ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Ẹ fọkàn sí 60. Bátìrì iPad tó jáde lọ́dún 2022, tí kì í ṣe Pro, jẹ́ 28.6 watt-hour. Power bank kan á kún un lẹ́ẹ̀mejì. Bátìrì láptọ́ọ̀pù sábà máa ń tó 50 watt-hour, ẹ̀ẹ̀kan ni power bank náà máa kún un, á sì kú.

Bẹ́ẹ̀, ìyẹn bó bá gbà láti ṣáájì. Ṣájà wáàtì 20 tó fún irú iPad yẹn, ọ̀pọ̀ power bank ọjà ló sì lè gbé ìyẹn. Láptọ́ọ̀pù sábà máa ń béèrè wáàtì 45 tàbí 65, ó sì gbọ́dọ̀ gba ojú USB-C wọlé. Púpọ̀ nínú àwọn láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ṣì ń lo ẹnu ṣájà róbótó, èyí tí power bank lásán kò lè bá ṣe nǹkan kan. Fún ẹni tó jẹ́ pé sólà kékeré ló gbójú lé, tàbí tó ń ṣáájì nínú ọkọ̀, ìdí yìí nìkan ti tó láti ra tábúlẹ́ẹ̀tì.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi kọ Yorùbá tó ní àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ fetí sí èyí dáadáa. Lórí Android, Gboard, kíbọ́ọ̀dù ojú ẹ̀rọ ti Google, ní èdè Yorùbá. Inú ètò rẹ̀ lẹ ó ti fi kún un. Ẹ tẹ lẹ́tà, ẹ má tètè gbé ìka kúrò, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ní àmì á yọ sókè, ẹ ó sún ìka sórí èyí tí ẹ fẹ́. Fún WhatsApp àti lẹ́tà kúkúrú, èèyàn á mọ́wọ́ rẹ̀ láìpẹ́.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ bá so kíbọ́ọ̀dù gidi mọ́ ọn. Èyí tó wà lójú ẹ̀rọ sábà máa ń wọlé lọ, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló sì wà lára èyí tí ẹ rà. Ẹni tó ń kọ Yorùbá gígùn lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ dán èyí wò ní ṣọ́ọ̀bù kó tó sanwó: ẹ so kíbọ́ọ̀dù mọ́ ọn, kí ẹ kọ “ọ̀rẹ́” pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Bí ẹ bá ní láti fọwọ́ kan ojú ẹ̀rọ fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ojú ìwé kan á di iṣẹ́ mẹ́ta.

Ìbéèrè: Ṣé ó máa dín owó kù?

Ìdáhùn: Kì í sábà dín in kù. Iye tí wọ́n kọ sára tábúlẹ́ẹ̀tì kì í ṣe gbogbo owó rẹ̀. Ẹ ó ra kíbọ́ọ̀dù, ẹ ó ra àpò, ẹ lè ra bírò. iPad kò ní ibi tí a ń ki mẹ́mórì káàdì sí, nítorí náà àyè tí ẹ bá rà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà lẹ ó lò títí. Ọ̀rọ̀ Microsoft Office tún wà ńbẹ̀: Microsoft máa ń jẹ́ kí a ṣàtúnṣe ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ kò ju ínǹṣì 10.1 lọ, tó bá ju bẹ́ẹ̀, owó ọdọọdún ni. Google Docs kò gba owó ní tirẹ̀.

Kí ẹ sì mọ̀ pé kíbọ́ọ̀dù tó ní ẹsẹ̀ lẹ́yìn ń fẹ́ tábìlì. Lórí itan nínú ọkọ̀, ó máa ń yẹ̀.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ ra iPad tòkunbọ̀ ní Computer Village, Ìkẹjà. Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Ìdáhùn: Títìpa. Bí ẹni tó ni iPad tẹ́lẹ̀ kò bá yọ àkáǹtì rẹ̀ kúrò, ẹ̀rọ náà á máa béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà onítọ̀hún, kò sì sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i. Ẹ má gbà kí wọ́n fi èyí tó ti ṣí sílẹ̀ hàn yín kí ẹ sì sanwó. Ẹ ní kí ontàjà pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ níṣojú yín, kó so ó mọ́ Wi-Fi, kó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bí ẹ̀rọ tuntun títí ojú ilé á fi yọ. Tó bá béèrè àkáǹtì ẹlòmíràn, tàbí tó sọ pé ilé ìwé tàbí ilé iṣẹ́ kan ló ń darí òun, ẹ dá a padà, bó ti wù kó pọ́kú tó. Android náà ní irú títì bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2015, àkáǹtì Google tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa ń béèrè. Ọ̀nà kan náà lẹ ó gbà yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Ẹyọ kan ni agbára mi ká. Èwo ni kí n rà fún un?

Ìdáhùn: Láptọ́ọ̀pù, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kò mọ sọ́fítíwià tí ẹ̀ka rẹ̀ máa ní kó lò ní ọdún kẹta, òun náà kò sì mọ̀ ọ́n. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí òbí tó tiraka ra iPad olówó ńlá, tí ọmọ sì ń yá láptọ́ọ̀pù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ láti fi kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé kò sí èyí tó jẹ́ méjèèjì?

Ìdáhùn: Ó wà. Surface Pro ti Microsoft dà bíi tábúlẹ́ẹ̀tì, Windows gidi ló sì wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹgbẹ́ bọ́tìnì Excel á rí bọ́tìnì wọn lò. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́, ẹ wá Surface Pro 7 tó jáde lọ́dún 2019 tàbí èyí tó lé e, torí ibẹ̀ ni USB-C ti bẹ̀rẹ̀ lára Surface Pro. Áàpù tí wọ́n ṣe fún ìka ọwọ́ kò pọ̀ lórí rẹ̀ tó ti iPad.

Ìbéèrè: Mo ní láptọ́ọ̀pù nílé, àmọ́ ó wúwo, gbígbé e kiri ló sú mi.

Ìdáhùn: Ẹ̀yin gan-an ni tábúlẹ́ẹ̀tì yẹ. iPad ọdún 2022 yẹn kò tó ìdajì kílò kí ẹ tó so kíbọ́ọ̀dù mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù jókòó sílé fún iṣẹ́ ńlá, kí tábúlẹ́ẹ̀tì máa bá yín jáde, kí ẹ sì kó fáìlì yín sí Google Drive tàbí OneDrive kí àwọn méjèèjì lè máa rí i. Áàpù wà tó lè fi tábúlẹ́ẹ̀tì darí láptọ́ọ̀pù ilé láti òkèèrè, bíi Chrome Remote Desktop, ó sì dára. Àmọ́ láptọ́ọ̀pù náà gbọ́dọ̀ wà ní títàn kó sì rí íntánẹ́ẹ̀tì, bí iná bá lọ nílé tí bátìrì rẹ̀ sì tán, ọwọ́ yín ò ní í tó o mọ́. Ohun tó dájú ni kí ẹ tẹ fáìlì tí ẹ máa lò lọ́jọ́ náà mọ́lẹ̀ nínú Drive ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sọ pé kó wà lórí ẹ̀rọ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì ṣí i lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú dátà ní pípa láti rí i pé ó ti wọlé.