Sígísáàgì tó ń tàn lójú ẹ yẹn, rọpárọsẹ̀ kọ́ ló ń bọ̀

Ojú abẹ́rẹ́ ni mo kọ́kọ́ wá tì. Télọ̀ ni mí, Iléyá ku ọjọ́ mẹ́ta, aṣọ oníbàárà kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, mi ò rí oorun sùn dáadáa láti ọjọ́ méjì, mi ò sì tíì jẹun àárọ̀. Mo na abẹ́rẹ́ sókè kí n fi òwú sí i, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ mi, ìka mi wà níbẹ̀, àmọ́ ibi tí ihò ẹ̀ yẹ kó wà ò sí. Mo wo ọmọ iṣẹ́ mi, mi ò rí imú ẹ̀. Kò pẹ́ ni nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í tàn yòò létí ibi tó sọnù yẹn, ó rí wọ́gọwọ̀gọ bí eyín ayùn, ká kúkú sọ pé bí sígísáàgì tí máṣíìnì fi ń lọ etí aṣọ, ó ń ṣẹ́ wìrìwìrì, ó ń tóbi sí i, ó ń rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́. Mo di ojú, ó ṣì wà níbẹ̀. Ìdí ni mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Gbogbo ayé ló wá ní nǹkan tí wọ́n fẹ́ sọ. Oníbàárà mi kan ní àwọn ọ̀tá ni, wọn ò fẹ́ kí n parí iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ojú ẹ̀mí mi ló ń là, kí n wá bá wòlíì wọn (èmi tí mi ò tíì ríran rí nǹkan jẹ). Bàbá kan ládùúgbò ní rọpárọsẹ̀ ló ń bọ̀, pé bó ṣe máa ń kìlọ̀ nìyẹn, tó bá ti ń padà wá lemọ́lemọ́ ó ti súnmọ́lé. Ti bàbá yìí ló wọ̀ mí lára jù, torí ó jọ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Mo sì ti rí i pé ọ̀pọ̀ àwa tó ń ṣe ló gbà á bẹ́ẹ̀, pé ọpọlọ ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni, ọjọ́ kan iná yẹn á dé, kò sì ní lọ mọ́.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Túúlu ni. Ẹ mọ túúlu, ẹ̀fọ́rí tó máa ń lu ẹ̀gbẹ́ orí kan kìkìkì, tí èébì á máa gbé èèyàn, tí ẹni náà ò ní fẹ́ ìmọ́lẹ̀ tàbí ariwo. Àwọn dókítà ń pè é ní migraine. Nínú èèyàn mẹ́ta sí mẹ́rin tó ní in, ẹnìkan á máa rí irú iná yìí kí ẹ̀fọ́rí tó dé, iná yẹn ni wọ́n ń pè ní aura. Àwọn míì ń rí iná láìsí ẹ̀fọ́rí kankan lẹ́yìn ẹ̀, àwọn yẹn lẹ̀rù máa ń bà jù, torí kò sẹ́ni tó máa pe ohun tí kò fọ́ni lórí ní túúlu.

Ojú kọ́ ló sì ń ṣe é o. Tó bá ti dé, ẹ fi ọwọ́ bo ojú kan wò, ẹ tún bo ìkejì, ẹ máa rí i nínú méjèèjì, torí apá ẹ̀yìn ọpọlọ tá a fi ń ríran ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ti rí bí iná ṣe ń jẹ pápá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á tètè mọ bó ṣe rí: etí iná ló ń tàn yòò, ẹ̀yìn ẹ̀ ló ṣókùnkùn, ó sì ń rìn lọ ni. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ti ọpọlọ ò jó nǹkan kan, ibi tó bá kọjá á kàn dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà á padà sẹ́nu iṣẹ́. Hubert Airy, dókítà òyìnbó kan tó ń ṣe òun náà, ya àwòrán tiẹ̀ jáde ní 1870, téèyàn bá rí i, ẹ̀rín ló máa ń pani, sígísáàgì wa náà ni. Ní 1941, Karl Lashley, onímọ̀ ọpọlọ kan ní Amẹ́ríkà tó ń ṣe òun náà, ṣírò bí tiẹ̀ ṣe ń rìn, ó ní nǹkan bíi mílímítà 3 ni ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ni pé ìṣẹ́jú méjì ló fi ń rin ìrìn tí kò ju gígùn ẹyọ ìrẹsì kan lọ. Ní 1944 Aristides Leão, onímọ̀ ọmọ Brazil, rí ìgbì kan nínú ọpọlọ ehoro tó ń rìn jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ náà, irú ìgbì yẹn ni wọ́n gbà pé ó wà nídìí iná wa yìí.

Ìrìn jẹ́jẹ́ yẹn ni kẹ́ ẹ di mú. Rọpárọsẹ̀ kì í rìn, ṣe ló máa ń já lu èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà: ẹnu wọ́, apá kan kú, ọ̀rọ̀ ò jáde, tàbí ojú ṣókùnkùn láìsí iná kankan. Aura máa ń bẹ̀rẹ̀ kékeré, á fẹjú, á dé etí, á lọ, láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 60. Kódà tó bá jẹ́ pé ọwọ́ ló ń ta èèyàn, ìka ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á gun apá, á dé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé kò sóhun tó pa aura àti rọpárọsẹ̀ pọ̀ rárá. Rọpárọsẹ̀ ń ṣe àwa tá à ń rí aura tó nǹkan bí ìlọ́po méjì àwọn tí kò ní túúlu, àmọ́ lára ọ̀dọ́, ìlọ́po méjì nǹkan kékeré ṣì kéré náà ni. Sìgá ló ń sọ ọ́ di ńlá, àti oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró tó ní estrogen (họ́mọ́ọ̀nù obìnrin kan) nínú. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ máa ń rí iná kó tó fún yín ní hóró, ọ̀nà míì wà. Kẹ́ ẹ sì máa yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín wò. Tó bá jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, pàápàá téèyàn bá ti lé ní 50, tàbí kó kọjá wákàtí kan, tàbí kó jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló ṣú, tàbí kí ẹ̀fọ́rí bú lójijì bí àrá, ọsibítù ni tààrà, ẹ má dúró ka nǹkan tí mo kọ.

Èyí tó pọ̀ jù lára wàhálà tèmi ni ẹ̀rù fúnra ẹ̀. Mo ń wo ògiri funfun láàárọ̀ láti mọ̀ bóyá ó ti dé, mo wo gílóòbù, àmì ẹ̀ kù sí mi lójú, àyà mi já. Mi ò gun ọ̀kadà mọ́. Tó bá wá dé lóòótọ́, mo á máa mí hẹlẹhẹlẹ títí ètè àti ìka ọwọ́ mi méjèèjì á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, mo á ní, “ó ti dé nìyẹn, rọpárọsẹ̀!” Èémí tí mo ń mí jù ló fà á, kì í ṣe aura. Àìsùn, ebi àti ìdààmú ló sì máa ń pe túúlu, ẹ̀rù yẹn náà ló ń bá mi pè é padà.

Ohun tó bá mi ṣe é kò le. Mo ní ìwé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ mo kọ aago, mo ya bó ṣe rí, mo jókòó, mo mu omi, mo lo oògùn tí dókítà kọ fún mi kó tó le, mo mí jẹ́jẹ́, kí èémí tó ń jáde gùn ju èyí tó ń wọlé lọ. (Oògùn ẹ̀fọ́rí tí wọ́n ń pò pọ̀ ní kẹ́mísì yẹn, tẹ́ ẹ bá ń lò ó tó ọjọ́ 10 lóṣù, òun fúnra ẹ̀ á máa fa ẹ̀fọ́rí.) Ìwé yẹn ló la ojú mi, torí ní gbogbo ojú ewé ẹ̀ kò sí èyí tó kọjá ìṣẹ́jú 28.

Èyí tó ṣe mí kẹ́yìn, ọmọ iṣẹ́ mi ló wo aago. “Àǹtí, ó ti di ìṣẹ́jú 18 o, ṣé ó ti dé etí?” Mo ní ó ń dé etí, kó bá mi fi òwú sí abẹ́rẹ́ dè mí.