Old Sarum: bí òkè tí kò sẹ́ni tó ń gbé orí rẹ̀ ṣe ń yan aṣòfin méjì

Ní 1831, olùdìbò mọ́kànlá péré ló wà fún Old Sarum, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ń gbé ibẹ̀. Òkè kan ni, tí yàrà àtijọ́ yí ká, ní agbègbè Wiltshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò jìnnà sí ìlú Salisbury. Síbẹ̀, aṣòfin méjì ló ń rán lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí Manchester kò ní ẹyọ kan ti ara rẹ̀.

Ìlú gidi ni tẹ́lẹ̀, tòun ti ilé olódi àti kàtídírà. Ṣùgbọ́n omi ṣọ̀wọ́n lókè níbẹ̀, atẹ́gùn ń dà wọ́n láàmú, àwọn àlùfáà àtàwọn ọmọ ogun kò sì rẹ́. Ní 1220, Bíṣọ́ọ̀bù Richard Poore bẹ̀rẹ̀ kàtídírà tuntun ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, àwọn ará ìlú sì ń ṣí tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí Ọba Edward Kìíní pe ìgbìmọ̀ aṣòfin rẹ̀ ní 1295, Old Sarum ṣì wà lára àwọn tó rán ènìyàn méjì lọ.

Ohun tó mú kí èyí ṣeé ṣe ni pé ara ilẹ̀ ni ẹ̀tọ́ ìdìbò so mọ́, kì í ṣe ara ènìyàn. Burgage ni wọ́n ń pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀: púlọ́ọ̀tì ìlú àtijọ́ tí iye owó ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í yí padà. Ẹni tí ìwé ilẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń dìbò. Ilé ì báà wó, kí wọ́n sì gbin ọkà síbẹ̀, ìbò ilẹ̀ náà wà síbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ra àwọn púlọ́ọ̀tì náà tán ti ra ìjókòó méjì nílé aṣòfin.

Thomas Pitt, tó ṣe gómìnà Madras nílẹ̀ Íńdíà, ra ibẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ibẹ̀ ni ọmọ ọmọ rẹ̀, William Pitt, gbà wọlé aṣòfin ní 1735, kó tó di olórí ìjọba. Ní 1802, £60,000 ni wọ́n tà á fún Lord Caledon. Kò sí oko àgùntàn tó tó iye yẹn; ìjókòó méjì ló ń rà.

Bí ìdìbò bá dé, ìwé àṣẹ ọba á lọ bá ṣẹ́ríìfù Wiltshire, aṣojú ọba ní agbègbè náà. Ṣẹ́ríìfù á kọ tirẹ̀ sí béílífù Old Sarum, òun náà ni alága ìdìbò. Kò sí gbọ̀ngàn, nítorí náà wọ́n á pa àgọ́ sábẹ́ igi elm kan nínú pápá. Béílífù á ka ìwé àṣẹ, á ka òfin 1729 tó lòdì sí ríra ìbò (ta ni yóò tún ra ìbò lọ́wọ́ ẹni tó ti ra ilẹ̀ tán?), wọ́n á dárúkọ ẹni méjì, bí kò bá sì sí alátakò, ó parí nìyẹn.

Níbo ni wọ́n ti ń rí olùdìbò? Ní irú ẹkùn ìdìbò báyìí, onílẹ̀ máa ń fi ìwé púlọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan lé àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́wọ́ kí ìdìbò tó bẹ̀rẹ̀, á sì gbà á padà bó bá ti parí. Ewu rẹ̀ ni pé lójú òfin, ẹni tó di ìwé mú ló ni ín lákòókò yẹn. Bó bá kọ̀ tí kò dá a padà, ìbò ti lọ nìyẹn. Mọ̀lẹ́bí, lọ́yà tàbí òṣìṣẹ́ ẹni ni wọ́n sábà máa ń lò.

Onílẹ̀ lè yan ẹni tó bá wù ú. Ní 1801, Lord Camelford, ará ìdílé Pitt tó ni ibẹ̀ nígbà náà, fi John Horne Tooke ránṣẹ́, àlùfáà tí ìjọba kò fẹ́ rí sójú. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣe òfin pé àlùfáà kò gbọdọ̀ jókòó nílé aṣòfin.

Àbá òfin àkọ́kọ́ láti tún ètò ìdìbò ṣe, ní March 1831, fi ìkànìyàn 1821 ṣe òdiwọ̀n: ìlú tí kò tó 2,000 ènìyàn á pàdánù ìjókòó méjèèjì. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ààlà ẹkùn ìdìbò àti ààlà páríìṣì (agbègbè ìjọ kọ̀ọ̀kan) kì í sábà bára mu, àwọn ará oko sì ń mú kí ìlú mìíràn pọ̀ ju bó ṣe rí lọ. Wọ́n wá ní kí Thomas Drummond, ẹnjiníà ọmọ ogun, fi iye ilé àti iye owó orí ṣe ìṣirò: fún ìlú kọ̀ọ̀kan, ó fi ìpíndọ́gba àwọn ìlú pín iye ilé rẹ̀, ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún owó orí rẹ̀, ó ro èsì méjèèjì pọ̀, ó sì to àwọn ìlú láti orí èyí tó kéré jù. Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta àkọ́kọ́ ni òfin 7 June 1832 pa rẹ́ pátápátá, Old Sarum sì wà nínú wọn. Manchester, Birmingham àti Leeds gba ìjókòó méjì-méjì.

Nígbà tí wọ́n da ilé aṣòfin Ireland pọ̀ mọ́ ti Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn òfin 1800, £15,000 ni wọ́n san fún àwọn onílẹ̀ lórí ẹkùn kọ̀ọ̀kan tó pa rẹ́. Ní 1832, Caledon àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gba kọ́bọ̀.