Oòrùn Ìlọrin Kọ́ Ló Fa Ìlà Sára Mọ́tò Dúdú

Kò sí ọ̀sẹ̀ tó ń lọ kí n má gbọ́ ọ. Ẹnì kan á wa mọ́tò dúdú wá síwájú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún ojú ọ̀dà mọ́tò ṣe ní Tánkẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀, á nàka sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á ní: "Ẹ wo ohun tí oòrùn Ìlọrin fojú mọ́tò mi rí." Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó, mo máa ń rí ohun tó ń sọ: ìlà wẹ́wẹ́ tó tín-ín-rín ju irun lọ, ó pọ̀ lọ súà, ó wá yí ojú ibi tí oòrùn ti ń tàn lára ọ̀dà po bí ilé aláǹtakùn. Ìlà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Oòrùn tí wọ́n ń ka ẹ̀sùn sí lọ́rùn ni kò mọwọ́mẹsẹ̀.

Pé iyanrìn máa ń ha ọ̀dà, mi ò ní dúró lórí ìyẹn. Ẹni tó bá ti fi àkísà gbígbẹ nu eruku lójú fóònù rẹ̀ rí ti mọ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé a mọ̀ ọ́n nípa fóònù, a mọ̀ ọ́n nípa awò ojú, ṣùgbọ́n bó bá ti kan mọ́tò dúdú, oòrùn la ń dá lẹ́bi, ọmọ tó ń fi fóòmù oníyanrìn fọ mọ́tò á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Àlàájì kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló jẹ́ kí n mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti lágbára. Camry dúdú ni wọ́n ń lò. "Ọmọ mi," wọ́n ní, "mo lo 504 fún ọdún mọ́kànlá nínú oòrùn yìí kan náà. Kò ní ìlà kankan."

"Bàbá, àwọ̀ wo ni 504 ọ̀hún?"

"Funfun ni."

Mo ní ìlà wà lára rẹ̀, ẹ ò kàn rí i ni. Àwọ̀ funfun ń da ìmọ́lẹ̀ padà láti gbogbo ojú rẹ̀. Bí ìlà tín-ín-rín kan bá kọ mànà láàárín ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ta ni yóò rí i? Dúdú ní tiẹ̀ ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, ìlà tó bá kọ mànà lójú rẹ̀ á wá dà bí ìràwọ̀ lóru. Bí ẹ bá fi fóòmù kan náà fọ mọ́tò funfun àti mọ́tò dúdú, ọgbẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì gbà. Dúdú ni kò lè fi tiẹ̀ pamọ́.

Bàbá gbọ́ ọ, wọn ò gbà. Ohun tí wọ́n wá sọ lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa, torí òun gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà.

"Ó dáa. Tí mo bá gbé e sábẹ́ òrùlé, ìlà á lọ. Tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, ìlà á lọ. Oòrùn bá yọ, ìlà tún dé. Ó tún ṣe róbótó yí oòrùn náà po, bí ẹni fi kọ́ńpáàsì fà á. Ohun tó ń bá oòrùn dé, tó ń bá oòrùn lọ, ti ta ni bí kì í bá ṣe ti oòrùn?"

Mi ò lè fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yẹn sẹ́yìn. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n sọ, ojú wọn ò sì parọ́. Àwọn tó ń pariwo pé "fóòmù ni, ẹ gbàgbé oòrùn" kì í dáhùn ibi yìí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà kì í fi í tán.

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì. Ilẹ̀ ṣú, iná ò sí ládùúgbò. Mo tan tọ́ọ̀ṣì kékeré kan sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Róbótó náà yọ, ó yí iná tọ́ọ̀ṣì po. Mo sún tọ́ọ̀ṣì lọ sápá òsì, róbótó bá a lọ. Mo sún un padà, ó tẹ̀lé e padà. Mo tan iná fóònù mi kún un, róbótó di méjì, kálukú dúró ti iná tiẹ̀. Ní gbogbo ìgbà yẹn, oòrùn ti wọ̀ tipẹ́.

Ìlà tí nǹkan bá ti ha sójú ọ̀dà kò lè dìde rìn. Bí róbótó bá wá ń rìn, a jẹ́ pé ìlà fúnra rẹ̀ kọ́ ló ṣe róbótó. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìlà wẹ́wẹ́ tó wà lójú bọ́nẹ́ẹ̀tì kan lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n sì dojú kọ ọ̀nà gbogbo: òmíràn nàró, òmíràn dábùú, òmíràn fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kòtò tóóró ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kòtò bẹ́ẹ̀ kì í da ìmọ́lẹ̀ padà sójú yín àfi bó bá dábùú ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ gbà wá. Lókè ibi tí iná ti ń tàn, àwọn ìlà tó nà láti òsì sí ọ̀tún nìkan ló máa kọ mànà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, àwọn tó nà láti òkè sí ìsàlẹ̀ ni. Ní igun, àwọn tó fì. Ẹ to ìwọ̀nyí pọ̀ yí iná ká, kí ni yóò dà bí kò ṣe róbótó? Àwọn yòókù wà níbẹ̀, wọ́n dákẹ́ ni. Bí ẹ bá gbé iná kúrò, àwọn tó dákẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ á dákẹ́.

Òjìji kì í pa ìlà rẹ́, ojú ọjọ́ tó ṣú kì í pa á rẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ibi gbogbo wá lẹ́ẹ̀kan náà ni kì í jẹ́ kó hàn. Ó gba iná kan ṣoṣo tó mọ́lẹ̀ gan-an láti tú u fó, èyí tó sì mọ́lẹ̀ jù lára gbogbo iná tí a ní ni oòrùn.

Kí n lè parí ẹ̀, mo wọlé lọ gbé tíréè onírin dídán tí a fi ń gbé oúnjẹ jáde. Látìgbà tí a ti rà á, inú ilé ìdáná ló wà, oòrùn ò pa á rí. Mo dojú ẹ̀ dé. Ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọ́n ti ń fi kànrìnkàn onírin fọ lójoojúmọ́, yọ róbótó kan náà bí mo ṣe tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Bàbá fi èékánná tọ́ ọ lọ, wọ́n tọ́ ọ bọ̀. "Hẹn," wọ́n ní. Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àṣìṣe mìíràn tún wà, èyí tí àwọn tó ti gbọ́ díẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí máa ń ṣe. Wọ́n á ní kí ọmọ má yí ọwọ́ bó bá ń fọ mọ́tò, kó máa fa ọwọ́ gbọọrọ, ìlà ò ní sí. Ọwọ́ gbọọrọ sàn díẹ̀, torí ìlà tó dojú kọ ọ̀nà kan ṣoṣo kì í hàn láti ibi gbogbo. Ṣùgbọ́n iyanrìn tó há sínú fóòmù ò bìkítà ibi tí ọwọ́ ń lọ. Lónìí ọwọ́ á lọ síwájú, lọ́la á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó tó tó oṣù mẹ́ta, ìlà gbọọrọ ti kọjá lórí ara wọn títí, róbótó sì dé.

Ẹ jẹ́ ká wo iyanrìn yẹn fúnra rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú hóró iyanrìn wa, òkúta quartz ni. Lórí òṣùwọ̀n líle òkúta tí Friedrich Mohs, ará Jámánì, gbé kalẹ̀ ní 1812, tó bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 10, quartz wà ní 7. Dígí wà ní nǹkan bíi 5 àbọ̀. Ọ̀dà mọ́tò kò tó dígí ní líle rárá. Awọ tó ń dán lókè ọ̀dà náà, èyí tí àwọn péńtà ń pè ní kílíà, kò sì nípọn. Lára mọ́tò tó ṣì wọ ọ̀dà iléeṣẹ́ tó ṣe é, ó sábà máa ń wà láàárín 40 sí 50 máíkírọ́ọ̀nù. Máíkírọ́ọ̀nù 1,000 ló wà nínú mìlímítà kan, irun orí èèyàn sì máa ń tó nǹkan bíi 70. Ohun tó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ la ń fi iyanrìn gbo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Nígbà òjò, ẹrẹ̀ pupa ni. Ẹni tó bá ti Òmù-Àrán gba Àjàṣẹ́-Ìpo wọ Ìlọrin lọ́jọ́ tí òjò rọ̀ mọ bí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn mọ́tò ṣe máa ń rí. Ẹ lọ wo ibẹ̀ dáadáa: oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn bó ṣe ń pa orí mọ́tò, síbẹ̀ ibẹ̀ ni ìlà sábà máa ń pọ̀ sí jù, torí ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ ń gbá mọ́. Nígbà ọyẹ́, eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé láti ìhà Bodélé ní Ṣáàdì á balẹ̀ sórí mọ́tò lóru. Bílẹ̀ bá mọ́, ẹ ó rí onímọ́tò tó di àkísà gbígbẹ mú, tó ń nu ún gbẹrẹgẹdẹ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Mi ò lè wo ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí ara mi má bù máṣọ.

Ibì kan wà tí mi ò kì í dá ẹjọ́ sí. Gbogbo ẹni tó bá ń jà fún oòrùn ló máa ń ní: "Nígbà tí mo rà á, kò sí níbẹ̀." Ta ló wò ó? Tòkunbọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú mọ́tò wa. Ó ti lo ọdún mélòó kan níbòmíràn, bóyá ẹ̀rọ oníbúrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ níbẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e síta fún ẹni tó fẹ́ rà á, wọ́n á ti fi pólíìṣì olóròóró pa á lára. Òróró yẹn á dí ojú kòtò wẹ́wẹ́, mọ́tò á máa dán bíi dígí. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹrin, òróró á ṣàn lọ, ìlà á yọjú. Ẹni tó rà á kò ní ẹlòmíràn tó lè mú ju oòrùn tó pàdé níbí. Fún ìdí yìí, bí ẹ bá gbé mọ́tò kan wá tí ẹ ní kí n sọ ọwọ́ tó ha á, mi ò ní sọ. Ó lè jẹ́ ọwọ́ ọmọ tó ń fọ̀ ọ́ fún yín, ó lè jẹ́ ti àwọn tó ti lò ó ṣáájú yín.

Mi ò sì ní í sọ pé oòrùn ò ń ṣe ọ̀dà ní nǹkan kan. Ó ń ṣe é. Iṣẹ́ oòrùn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí mọ́tò àti bọ́nẹ́ẹ̀tì: àwọ̀ á ṣá, kílíà á funfun bí ẹfun, á bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí awọ ẹni tí iná jó. Iná iwájú á pọ́n rúsúrúsú. Ẹni tó bá rí ìyẹn, kó mú oòrùn. Ó ṣeé ṣe pẹ̀lú kí kílíà tí oòrùn ti bà jẹ́ má lágbára tó mọ́ láti kọ iyanrìn, nítorí náà mi ò ní búra pé ọwọ́ oòrùn mọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n kó fi ara rẹ̀ fa ìlà wẹ́wẹ́, rárá o.

Èmi náà ti jìyà ẹ̀. Mo fi mọ́tò mi sílẹ̀ níbì kan tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò lójú ọ̀nà Ọ̀ffà, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Fóòmù bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, ó já sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ṣà á, ó tẹ̀ ẹ́ bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó gbé e lé ilẹ̀kùn, kí n tó dìde ó ti fà á dé ẹ̀yìn. Ìlà yẹn ṣì wà níbẹ̀ dòní. Fóòmù tó bá ti já sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kó kan ọ̀dà mọ́.

Omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi lé iyanrìn lọ, omi púpọ̀, kí nǹkan kan tó kàn án. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ni kẹ́ ẹ lò, ọ̀kan fún ọṣẹ, èkejì fún ṣíṣan fóòmù, kí iyanrìn tó kúrò lára ilẹ̀kùn má baà padà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ẹ parí ẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Fóòmù táyà gbọ́dọ̀ dá wà. Ọṣẹ ìfọṣọ kì í fa ìlà, ṣùgbọ́n ó ń fọ wáàsì (ìda tó ń mú ọ̀dà dán) tí ẹ ti pa sí i dànù. Bí ẹ bá fẹ́ nu ún gbẹ, ẹ tẹ́ aṣọ microfibre (aṣọ onífọ́nrán wẹ́wẹ́) tó mọ́ lé e, ẹ jẹ́ kó fa omi mu, ẹ má gbo ó.

Ẹ ṣọ́ra fún bọ́fù, ìyẹn fífi ẹ̀rọ àti pólíìṣì gbo ojú ọ̀dà kó lè dán. Kò sí bọ́fù tó ń dí ìlà. Ńṣe ló ń fá kílíà lọ sílẹ̀ títí tí yóò fi bá ìsàlẹ̀ ìlà dọ́gba, ẹ sì rántí bó ṣe nípọn mọ. Èmi tó ń ṣe é gbowó ni mo ń sọ èyí: ẹni tó bá ń bọ́fù mọ́tò rẹ̀ lọ́dọọdún á fá a débi ọ̀dà lọ́jọ́ kan. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní ceramic, ohun olómi tí wọ́n ń kùn lé ọ̀dà tó sì ń gan mọ́ ọn, tí òun fẹ́ kùn ún kò ní jẹ́ kí nǹkan kan ha á mọ́. Ó ń jẹ́ kí omi àti ẹ̀gbin yọ̀ kúrò lára rẹ̀, ó sì dáa, àmọ́ quartz ò mọ̀ ọ́n ní aṣọ. Ẹ ṣọ́ra fún ìbora mọ́tò pẹ̀lú, bí eruku bá ti wà lábẹ́ ẹ̀. Afẹ́fẹ́ á máa fi gbo ọ̀dà láti àárọ̀ dalẹ́.

Bàbá ti ra bọ́kẹ́ẹ̀tì kejì. Mo rí i lẹ́yìn ilé wọn lóṣù tó kọjá, pẹ̀lú fóòmù tuntun tí wọ́n fi kọ́ sórí okùn kó má baà kan ilẹ̀. Camry wà lábẹ́ igi máńgòrò, nítorí oòrùn, wọ́n ní. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa wo orí rẹ̀ láràárọ̀. Bí ẹyẹ bá ṣu sí i, kí wọ́n da omi sí i kó rọ̀ kí wọ́n tó nu ún, kí wọ́n má fi èékánná họ ọ́.