Ojú Ìbọn ló Bọ́ Wúrà Kúrò Léjìká Ọ̀gágun

Bí àwọn òpìtàn bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa aṣọ ológun, wọ́n a kọ ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìbọn, wọ́n a kọ òmíràn, bí ẹni pé àwọn méjèèjì kò mọra wọn rí. Èrò tèmi ni pé ọ̀kan ló bí èkejì. Ohun kékeré tó yọ sókè lórí ọ̀pá ìbọn, tí ọmọ ogun ń gbé ojú lé kó tó yìn ín, ni mo ń pè ní ojú ìbọn. Òun gan-an ló fà á tí ọ̀gágun tó ń dán yanran láyé àtijọ́ fi di ẹni tí ojú kò lè tètè dá mọ̀ láàárín àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lónìí. Àwọn kan ń sọ pé eruku ló fà á. Àwọn mìíràn ní ẹ̀tù tí kì í rú èéfín ni. Màá dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n n kò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ wọn.

Ilẹ̀ Ṣáínà ló yẹ kí a ti mú un. Láyé ìjọba Han, láti ọdún 206 ṣáájú ìbí Jésù títí di ọdún 220 lẹ́yìn rẹ̀, àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ ń fi idẹ rọ ẹ̀rọ àkàtàǹpó tí apá kan rẹ̀ yọrí sókè lẹ́yìn ọsán. Ẹni tó fẹ́ ta á yóò wo orí apá yìí kọjá, yóò mú un ṣe déédéé pẹ̀lú ṣóńṣó ọfà, kó tó fà á. Nínú àwọn tí a ti hú jáde lábẹ́ ilẹ̀, a rí èyí tí wọ́n fín ìlà wẹ́wẹ́ sí lára bíi ti rúlà, kí tafàtafà lè mọ bí yóò ṣe gbé e sókè tó fún ibi tó jìnnà àti ibi tó súnmọ́. Àwọn ìlà wẹ́wẹ́ yìí ni mo kà sí ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó fẹ́ ta ọfà sí àárín ogunlọ́gọ̀ kò nílò ìlà kankan, nítorí ibi yòówù kí ọfà náà balẹ̀ sí, yóò bá ẹnì kan. Ẹni tó fẹ́ mú ènìyàn kan ṣoṣo láàárín ọgọ́rùn-ún ni ìlà wúlò fún. Ta ni yóò sì mú? Kì í ṣe ẹni tó ru ẹrù. Ẹni tó wà lórí ẹṣin ni, ẹni tí àsíá yí ká, tí aṣọ rẹ̀ yàtọ̀, tí gbogbo ojú ń wò kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀. Mo gbà láìṣiyèméjì pé láti ìgbà tí ọfà àkọ́kọ́ irú èyí ti ba ẹni tí wọ́n rán an sí, olórí ogun kan ti wà níbìkan tó ṣí ìyẹ́ kúrò lórí àṣíborí rẹ̀, tó sì pàṣẹ pé kí àsíá òun máa lọ síwájú láìsí òun lábẹ́ rẹ̀. Ọgbọ́n yìí kò nílò olùkọ́. Ikú ẹnìkejì ti tó ẹ̀kọ́.

Ọgbọ́n náà tún sọnù fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀bi ìbọn ni. Lóòótọ́, kí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún tó parí, àwọn alágbẹ̀dẹ Jámánì ti mọ bí a ti ń gbẹ́ inú ọ̀pá ìbọn yípo kí ọta rẹ̀ lè máa yí bó ti ń lọ, èyí tó mú un lọ tààrà. Ṣùgbọ́n irú ìbọn bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́ kí a tó kì í tán, ìdí nìyẹn tí àwọn ìjọba fi fẹ́ èyí tí inú rẹ̀ ń dán, tí ó yá kì. Ìbọn tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí a mọ̀ sí Brown Bess, kò ní ojú lẹ́yìn rárá. Kókó kékeré kan ló wà lórí ẹnu rẹ̀, ọ̀bẹ ẹnu ìbọn ni wọ́n sì ṣe é láti mú dání. Bí ọ̀gá bá fẹ́ kí wọ́n yìn ín, kì í sọ pé kí wọ́n fojú sun ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń sọ kò ju pé kí wọ́n na ìbọn síwájú.

Nínú irú ogun bẹ́ẹ̀, èrè ni dídán jẹ́. Èéfín ẹ̀tù á bo pápá, etí á di, ohun kan ṣoṣo tí ọmọ ogun lè tẹ̀ lé sì ni àwọ̀ tó bá rí. Ìdí rèé tí àwọn Faransé fi sọ ohun ọ̀ṣọ́ èjìká di àmì ipò ní 1759. Ìdí yìí kan náà ló mú kí George Washington, olórí ogun àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà, ní oṣù keje ọdún 1775, nígbà tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kò tíì ní aṣọ kan náà, pàṣẹ pé kí àwọn ọ̀gá àgbà lẹ ọ̀já pupa mọ́ fìlà, kí àwọn kápútẹ́ẹ̀nì lẹ tiwọn ní àwọ̀ ìyeyè, kí àwọn tó wà lábẹ́ wọn lẹ àwọ̀ ewé. Òun fúnra rẹ̀ ń so ọ̀já aláwọ̀ ojú sánmà kọ́ àyà, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ má bàa dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ wo ẹni tí wọ́n ṣe àmì náà fún: ẹ̀ṣọ́ tiwọn ni. Ojú ọ̀tá kò sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni.

Kò ju ọdún méjì lọ tí ojú ọ̀tá fi wọ inú ìṣirò náà. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 1777, nítòsí Saratoga, Ọ̀gágun Simon Fraser ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà lórí ẹṣin, ó ń kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tó ń tú ká jọ, nígbà tí atamátàsé kan nínú ẹgbẹ́ Daniel Morgan, ọ̀gá ogun Amẹ́ríkà, fi ìbọn abẹ́nú-yípo mú un láti ọ̀nà jíjìn. Timothy Murphy ni ìtàn àtẹnudẹ́nu dárúkọ. Ní ọjọ́ kejì ni Fraser kú. Ní oṣù tó ṣáájú èyí, Patrick Ferguson, ọmọ Scotland nínú ogun Gẹ̀ẹ́sì, tó ṣe ìbọn tí a ń kì láti ẹ̀yìn, ti rí ọ̀gá ọ̀tá kan níwájú rẹ̀ nítòsí Brandywine, ṣùgbọ́n kò fẹ́ yìnbọn sí ẹ̀yìn ẹni tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ gbà pé Washington ni. Àwọn tó bá Ferguson fúnra rẹ̀ jà ní Kings Mountain, ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 1780, kò ro irú èrò bẹ́ẹ̀: ẹ̀wù onígun mẹ́rin-mẹ́rin tó wọ̀ sórí aṣọ ológun rẹ̀ ni wọ́n fi dá a mọ̀, ọta tó bà á lórí ẹṣin kò sì ṣe ẹyọ kan.

Àwọn alátakò èrò mi fẹ́ràn láti fi Nelson, ọ̀gágun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì, dá mi lóhùn. Wọ́n á ní ìbọn tó pa á ní Trafalgar, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1805, kò ní ojú tó dára, kí ló wá kan ojú ìbọn? Nǹkan bíi mítà 15 ni Redoutable, ọkọ̀ Faransé tí wọ́n ti yìn ín, sí i. Ní ibi tó súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀, ojú tí Ọlọ́run fún ènìyàn ti tó. Ẹ̀wù tó wọ̀ lọ́jọ́ náà ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Greenwich. Ìràwọ̀ oyè mẹ́rin ni wọ́n rán mọ́ àyà rẹ̀ lápá òsì, ihò ọta sì wà ní èjìká òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ oníwúrà. Nígbà tí Beatty, oníṣègùn ọkọ̀ Nelson, yọ ọta ọ̀hún jáde lára òkú, ó bá fọ́nrán wúrà àmì èjìká náà tó lẹ̀ mọ́ òjé rẹ̀ típẹ́típẹ́. Wúrà tó fi ipò rẹ̀ hàn bá ọta wọ inú ara rẹ̀ ni. N kò mọ ẹ̀rí tí ènìyàn tún ń wá.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń sáré. Ọta tí Minié, ọ̀gá ogun Faransé kan, ṣe jáde ní 1849 mú kí ìbọn abẹ́nú-yípo yá kì bí èyí tí inú rẹ̀ ń dán, ìbọn Enfield ti ọdún 1853 sì ní ojú ẹ̀yìn tó ń gòkè bí àkàsọ̀, tí wọ́n kọ iye yáàdì sí lára títí dé 900. Ọmọ ogun lásán wá ní ohun tó jẹ́ ti ọdẹ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ́ sílẹ̀ ní 1861, àwọn atamátàsé kan tilẹ̀ ń fi awò tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni sórí ìbọn wọn. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 1864, ní Spotsylvania, Ọ̀gágun John Sedgwick bá àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wí pé wọ́n ń ba orí wọn fún ọta, ó ní àwọn ọ̀tá kò lè ta erin ní ibi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí ọta wọlé lábẹ́ ojú rẹ̀ òsì.

Ìwé kan tí n kò rí kí àwọn ènìyàn mẹ́nu bà tó bó ti yẹ ni àṣẹ tí iléeṣẹ́ ogun Amẹ́ríkà gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, àṣẹ gbogboogbò nọ́ńbà 286. Títí di ìgbà náà, pátákó kékeré tí wọ́n fi okùn wúrà dí létí ni ọ̀gá ń so mọ́ èjìká, àmì ipò rẹ̀ á sì wà láàárín rẹ̀. Àṣẹ náà gba àwọn ọ̀gá tó wà lójú ogun láàyè láti bọ́ pátákó náà kúrò, kí wọ́n sì rán àmì ipò nìkan mọ́ ibi tó wà. Ó gbà wọ́n láàyè láti yọ àmì ara ohun èlò ẹṣin wọn, láti wọ ẹ̀wù òtútù tó rí bákan náà pẹ̀lú ti àwọn ọmọ ogun lásán, àti láti má ṣe fi ohun ọ̀ṣọ́ sí fìlà. Mo ka àṣẹ yìí sí ìwé ẹ̀rí ìbí àmì tí kì í dán. Kì í ṣe pé ọ̀gá kan dá ọgbọ́n tirẹ̀ dá níkọ̀kọ̀. Ìjọba ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun tí a fi ń bu ọlá fún ọ̀gá lè pa á.

Wàyí o, àwọn tó ní eruku ló fà á. Wọ́n ń tọ́ka sí Harry Lumsden, ọ̀gá ogun Gẹ̀ẹ́sì tó wọ kákí, aṣọ aláwọ̀ eruku, fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní Peshawar ní 1846. Kákí náà wúlò, ṣùgbọ́n ní 1881, ní Laing's Nek ní Gúúsù Áfíríkà, aṣọ pupa ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan ṣì wọ̀ tí àwọn Bóà, àwọn òyìnbó àgbẹ̀ ibẹ̀, fi pa wọ́n bí ẹran. Bó bá jẹ́ pé eruku ni, ó ti yẹ kó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láàárín ọdún 35. Ní ti ẹ̀tù tí kì í rú èéfín, ọdún 1884 ni Paul Vieille ṣe é, ogún ọdún lẹ́yìn àṣẹ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Ọmọ kì í bí bàbá rẹ̀.

Ogun Bóà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1899 ló kọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́gbọ́n: àwọn ọ̀gá sọ idà sílẹ̀, wọ́n gbé ìbọn bí ọmọ ogun lásán, wọ́n sì fi nǹkan bo bọ́tìnnì tó ń dán. Síbẹ̀, aṣọ tí wọ́n rán ní 1902 tún gbé àmì ipò àwọn ọ̀gá sí ọrùn ọwọ́, pẹ̀lú ìlà àti ìràwọ̀ tí kò lè pamọ́ fún ẹni tó bá fi awò wò ó. Nígbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ dé, tí àwọn ará Jámánì so awò ọdẹ mọ́ ìbọn tí wọ́n sì ń ṣọ́ kòtò ogun láti àárọ̀ dalẹ́, àwọn ọ̀gá kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àmì náà lọ sí èjìká. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pe ẹ̀wù náà ní ẹ̀wù ojo. Ní 1920, ẹ̀wù ojo di òfin fún gbogbo wọn.

Kò ṣeé ṣe láti pa àmì rẹ́ pátápátá. Òfin Hague ti 1899 àti ti 1907 ní kí àwọn ẹgbẹ́ tó ń jagun ní àmì tí kì í yí padà tí a lè dá mọ̀ láti òkèèrè, ọmọ ogun náà sì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń pàṣẹ fún un. Ìhà tí àmì yóò kọjú sí ló wá di ìbéèrè. Nínú ogun àgbáyé kejì, àwọn ọ̀gá Amẹ́ríkà ń kun ìlà funfun tó dúró ṣánṣán sí ẹ̀yìn àṣíborí, kí àwọn tó ń tẹ̀ lé wọn rí i, kí ẹni tó wà níwájú má rí i. Ìkíni ológun pàápàá di ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ lójú ogun. Ẹni tó bá gbé ọwọ́ sórí fún ọ̀gá rẹ̀ ti nàka sí i fún ẹni tó ń ṣọ́ wọn.

Ìyókù kò pẹ́. Ní 1900, Howard Grubb ní Dublin gba ẹ̀tọ́ lórí awò tó ń fi àmì ìmọ́lẹ̀ hàn lójú ẹni tó ń wò ó. Ní 1975, iléeṣẹ́ Aimpoint ní Sweden sọ ọ́ di ẹ̀rọ kékeré oníná pupa tí a lè fi sórí ìbọn, tí ẹni tó ń lò ó kò sì ní láti di ojú kan. Bátìrì lè kú, nítorí náà ọ̀pọ̀ ṣì ń tọ́jú ojú onírin sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lójú ogun Vietnam, àmì ipò àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti di dúdú lórí àwọ̀ ewé. Aṣọ tí wọ́n gbé jáde ní 2004 gbé e sí àárín àyà, ó ṣeé ṣí, ó sì ṣeé lẹ̀ padà. Wọ́n tún rán ègé aṣọ kékeré kan mọ́ èjìká rẹ̀, tí ojú lásán kò rí nǹkan kan lára rẹ̀, ṣùgbọ́n tó ń tàn nínú awò òru àwọn tiwọn kí wọ́n má bàa yìnbọn lu ara wọn. Ìbòrí wà lára ègé náà, kí wọ́n lè dé e pa bó bá jẹ́ pé ọ̀tá náà ní awò òru lọ́wọ́.