Amágẹ́dọ́nì nínú ṣẹ́ẹ̀sì: nígbà tí ọ̀mì bá di ìjáwé olúborí

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Amágẹ́dọ́nì ní Ògbómọ̀ṣọ́, Bíbélì ló ń wá síni lọ́kàn. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ti fìdí múlẹ̀ nílùú wa tipẹ́, ọmọ tó bá sì ti jókòó ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi rí ti gbọ́ Ìfihàn orí 16, níbi tí wọ́n ti kó àwọn ọba ayé jọ fún ogun. Ìdí nìyẹn tí àbúrò mi obìnrin fi dúró sẹ́yìn mi lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń wo ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì àwọn obìnrin lórí fóònù. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ẹni tó ń ṣàlàyé. Kò pẹ́ ló rí máàkì tí wọ́n gbé síta: 1.5 fún ẹnì kan, 1 fún ẹnì kejì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ ní ọ̀mì ni wọ́n ta. Kí ló dé tí máàkì wọn ò dọ́gba?"

Ìbéèrè tó dára ni. Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn rẹ̀ kò ní gbádùn ìdíje náà.

Láàárín àwọn ọ̀ta ṣẹ́ẹ̀sì, ọ̀mì pọ̀ púpọ̀. Ẹni méjì lè jókòó fún wákàtí mẹ́rin, kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má borí. Amágẹ́dọ́nì ni gémù àjàkú-akátá kan ṣoṣo tí wọ́n máa ń ta lẹ́yìn irú ọ̀mì bẹ́ẹ̀, kí ẹnì kan lè yege dandan. Ẹni tó mú funfun ló ń kọ́kọ́ gbé ọmọ ayò, àǹfààní díẹ̀ sì wà nínú ìyẹn. Wọ́n á tún fún un ní àkókò tó pọ̀ ju ti ẹnì kejì lọ. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ borí. Bí ó bá jẹ́ ọ̀mì, dúdú ló jẹ ẹ́. Àkókò tí wọ́n gé kù fún dúdú, ọ̀mì yẹn ni wọ́n fi dí i fún un.

Norway Chess, ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì kan ní orílẹ̀-èdè Norway, ló sọ ọ́ di ohun ojoojúmọ́. Ọdún 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti àwọn obìnrin níbẹ̀, owó ẹ̀bùn wọn sì dọ́gba pẹ̀lú ti àwọn ọkùnrin láti ọjọ́ kìíní. Inú mi dùn sí èyí gan-an. Obìnrin mẹ́fà ni, olúkúlùkù á pàdé ẹnì kejì lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ìpele 10. Ẹni tó bá borí nínú gémù gígùn gba máàkì 3. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, wọn ò ní relé: wọ́n á tún jókòó ti Amágẹ́dọ́nì, funfun pẹ̀lú ìṣẹ́jú 10, dúdú pẹ̀lú ìṣẹ́jú 7. Ẹni tó bá yege níbẹ̀ gba 1.5, ẹnì kejì gba 1. Ohun tí àbúrò mi rí nìyẹn.

Ẹ má fojú kékeré wo ìdajì máàkì yẹn o. Lọ́dún 2025, ní Stavanger, Anna Muzychuk ti Ukraine parí pẹ̀lú 16.5, Lei Tingjie ti Ṣáínà ní 16, Koneru Humpy ti Índíà ní 15. Ìdajì máàkì péré ló wà láàárín ẹni kìíní àti ẹnì kejì, iye kan náà tó wà láàárín ẹni tó jẹ Amágẹ́dọ́nì àti ẹni tó pàdánù rẹ̀.

Bí ẹ bá ń wò ó, ojú yín gbọ́dọ̀ yí padà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ó ku ọba àti róòkù kọ̀ọ̀kan lórí pátákó, kò sí nǹkan mìíràn. Nínú gémù gígùn, wọ́n á gbà pé ọ̀mì ni, wọ́n á rẹ́rìn-ín síra wọn, wọ́n á dìde. Nínú Amágẹ́dọ́nì, ìdùnnú dúdú ti dé, ìbànújẹ́ funfun nìyẹn. Bí dúdú bá rí ọ̀nà láti máa fi ṣẹ́ẹ̀kì, ìyẹn ìkọlù sí ọba, lé ọba funfun kiri láìdáwọ́dúró, ọ̀mì nìyẹn, dúdú ti jẹ. Bí wọ́n bá tètè fi ayaba pa ayaba, èmi a máa mí kanlẹ̀ fún ẹni tó mú funfun, nítorí ohun ìjà tó lè fi dá wàhálà sílẹ̀ ti dín kù.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo aago. Ní Tulsa, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2008, Anna Zatonskih àti Irina Krush dọ́gba nínú ìdíje àwọn obìnrin orílẹ̀-èdè náà títí ó fi ku Amágẹ́dọ́nì. Krush mú funfun pẹ̀lú ìṣẹ́jú 6, Zatonskih mú dúdú pẹ̀lú ìṣẹ́jú 4 ààbọ̀, aago ò sì fi àkókò kankan kún un fún wọn bí wọ́n ṣe ń ta. Nígbà tó yá, ọwọ́ nìkan ló ń sáré, ọmọ ayò ń ṣubú. Àkókò Krush tán nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo lórí aago Zatonskih. Bí adé ṣe bọ́ sí Zatonskih lórí nìyẹn.

Àwọn ìdíje kan máa ń ṣe é bíi gbàǹjo: olúkúlùkù á kọ iye àkókò tí ó lè fara mọ́ sínú ìwé, láìjẹ́ kí ẹnì kejì rí i. Ẹni tó bá kọ iye tó kéré jù ló mú dúdú, pẹ̀lú àkókò tó fẹnu ara rẹ̀ dá. Mo fẹ́ràn èyí ju ti Norway lọ, nítorí kò sẹ́ni tó lè ní wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, àbúrò mi fa àga, ó jókòó tì mí. Ó kù ìṣẹ́jú 2 lórí aago funfun, ayaba méjèèjì ṣì wà lórí pátákó.